Gìtá oníná: Ṣé ìka yín ni kò gbọ́n, àbí ọrùn gìtá ni kò bá ọwọ́ yín mu?

Bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá fẹ́ ra gìtá oníná, ohun mẹ́ta ni wọ́n máa ń wò: àwọ̀ rẹ̀, orúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe é, àti iye tí wọ́n ń tà á.

Ohun kẹrin, tó jẹ́ pé òun gan-an ni ọwọ́ wọn yóò máa dì mú lójoojúmọ́, kì í sábà wá sí wọn lọ́kàn. Ohun náà ni ọrùn gìtá.

Lẹ́yìn oṣù méjì tàbí mẹ́ta, àtàǹpàkò á bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n, ọrùn ọwọ́ á máa dùn wọ́n, kọ́ọ̀dù tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń tẹ̀ wẹ́rẹ́ kò sì ní dún dáadáa lọ́wọ́ tiwọn.

Àwọn míì á gbà pé Ọlọ́run kò fún àwọn ní ẹ̀bùn orin, wọ́n á sì gbé gìtá náà kọ́ ògiri.

Lóòótọ́, ó lè jẹ́ pé ìfidánrawò wọn ni kò tíì tó. Àmọ́ ó tún lè jẹ́ pé ọrùn gìtá tí wọ́n rà kò bá ọwọ́ wọn mu rárá.

Ní Nàìjíríà àti ní àwọn orílẹ̀èdè míì ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, níbi tí gìtá tòkunbọ̀ ti pọ̀ lọ́jà, tí kò sì rọrùn láti dá ọjà padà bí èèyàn bá ti sanwó, irú àṣìṣe yìí máa ń náni lówó.

Àwọn ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ rèé kí ẹ tó ti ọwọ́ bọ àpò.

Kí ni ọrùn gìtá, kí ló dé tó fi ṣe pàtàkì?

Ọrùn gìtá ni igi gígùn tó so ara gìtá pọ̀ mọ́ orí rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń yí okùn kó lè le tàbí kó dẹ̀.

Iwájú rẹ̀ ni pátákó tí ìka máa ń tẹ okùn mọ́. Lórí pátákó yìí ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ wà ní ìdábùú, èyí tí àwọn onígìtá ń pè ní fret. Gìtá oníná sábà máa ń ní fret 21, 22 tàbí 24.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àtàǹpàkò àti àtẹ́lẹwọ́ máa ń fara tì. Bí wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ̀yìn yìí ló ń fún ọrùn gìtá ní ìrísí rẹ̀.

Fún ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún ta okùn, ọwọ́ òsì ló máa wà ní ọrùn gìtá. Fún ọlọ́wọ́ òsì, ọwọ́ ọ̀tún ni.

Bí ẹ bá ń ta gìtá, àtàǹpàkò yín á máa ti ọrùn náà láti ẹ̀yìn, àwọn ìka yòókù á sì máa tẹ̀ ẹ́ láti iwájú. Bí ó bá ki jù tàbí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù fún ọwọ́ yín, ẹ óò máa lo agbára ju èyí tó yẹ lọ, láì fura.

Àgbẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Erùkọ́ tí kò bá ọwọ́ mu lè ro oko títí ilẹ̀ á fi ṣú, àmọ́ ọwọ́ ẹni tó dì í mú ló máa bó.

Kí ni ìtumọ̀ lẹ́tà C, D, U àti V?

Àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe gìtá máa ń fi lẹ́tà júwe ìrísí ọrùn. Ká ní ẹ fi ayùn gé ọrùn gìtá ní ìbú, ojú ibi tí ẹ gé ni lẹ́tà náà ń ṣàpèjúwe.

C ló wọ́pọ̀ jù lóde òní. Ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto níwọ̀nba, kò sì ní igun kankan tó máa gún ọwọ́. Èyí tí iléeṣẹ́ Fender ń pè ní Modern C wà lára ọ̀pọ̀ gìtá Stratocaster àti Telecaster wọn. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

D tẹ́ lẹ́yìn ju C lọ. Àtàǹpàkò máa ń rí ibi pẹrẹsẹ fara tì ní àárín ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn tó máa ń fi ìka sáré lórí okùn, tí wọ́n sì máa ń fi àtàǹpàkò sí ẹ̀yìn ọrùn gbọnrangandan, sábà máa ń fẹ́ràn rẹ̀.

U jinlẹ̀, èjìká rẹ̀ méjèèjì sì ga. Ó máa ń kún ọwọ́. Ẹni tí ìka rẹ̀ gùn lè gbádùn rẹ̀, àmọ́ ó lè nira fún ẹni tí ìka rẹ̀ kúrú láti dé orí okùn tó wà lókè.

V ní ẹ̀yìn tó ṣe ṣónṣó ní àárín, bí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi. Ó máa ń bá àwọn tó ń fi àtàǹpàkò kọ́ ọrùn gìtá láti òkè mu, nítorí pé ibi tó ṣe ṣónṣó náà máa ń bọ́ sí àárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá. Gìtá tí Fender ṣe ní orúkọ olórin Gẹ̀ẹ́sì nì, Eric Clapton, ní irú ọrùn V bẹ́ẹ̀, àmọ́ ṣónṣó rẹ̀ kò mú jù.

Àwọn ìrísí yìí ní ìtàn. Gìtá Les Paul ti iléeṣẹ́ Gibson jáde ní ọdún 1952, Stratocaster sì jáde ní ọdún 1954. Láwọn ọdún yẹn, ọrùn gìtá sábà máa ń ki. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1960, Gibson ti dín kíki ọrùn Les Paul kù gan-an.

Ìdí nìyí tí ẹ fi lè rí 50s tàbí 60s lára àlàyé gìtá tuntun. Kò túmọ̀ sí pé gìtá náà ti gbó. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ọrùn rẹ̀ ki bíi ti àtijọ́ tàbí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti ọdún 1960.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o: ìrísí ni lẹ́tà ń sọ, kò sọ bí ọrùn ṣe ki tó. C ti iléeṣẹ́ kan lè ki ju C ti iléeṣẹ́ míì lọ. Nítorí náà, ẹ kò gbọdọ̀ fi lẹ́tà nìkan ra gìtá.

Nọ́ńbà mẹ́rin tó yẹ kí ẹ béèrè

Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ti fẹ́ ra gìtá, tàbí tí ẹ fẹ́ kí ẹbí yín kan rà á bọ̀ láti òkè òkun, àwọn nọ́ńbà mẹ́rin yìí ló máa ṣojú ọwọ́ yín. Ẹ rántí pé ínṣì 1 jẹ́ mìlímítà 25.4.

Èkíní ni bí ọrùn ṣe fẹ̀ tó lókè. Níbi tí ọrùn ti pàdé orí gìtá, ègé kékeré kan wà níbẹ̀ tó ní ojú mẹ́fà tí okùn ń gbà kọjá. Nut ni wọ́n ń pè é. Lára ọ̀pọ̀ gìtá Fender òde òní, ó fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 42. Ti Gibson tó nǹkan bíi mìlímítà 43. Ti gìtá olókùn ọ̀rá tí wọ́n fi ń ta orin kílásíkà tó nǹkan bíi mìlímítà 52.

Mìlímítà kan lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan, àmọ́ ìka mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ìka rẹ̀ tóbi lè máa tẹ okùn méjì pọ̀ bí ọrùn kò bá fẹ̀ tó. Ẹni tí ìka rẹ̀ kúrú sì lè máa nà án jù bí ọrùn bá fẹ̀ jù.

Èkejì ni bí ọrùn ṣe ki tó. Wọ́n máa ń wọ̀n ọ́n ní fret kìíní àti ní fret kejìlá, nítorí pé ọrùn sábà máa ń ki sí i bó ṣe ń súnmọ́ ara gìtá. Ọrùn tí iléeṣẹ́ Ibanez ti Japan ń pè ní Wizard III ki tó mìlímítà 19 ní fret kìíní àti 21 ní fret kejìlá. Tẹ́ẹ́rẹ́ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ Modern C ti Fender wà ní nǹkan bíi mìlímítà 21 ní fret kìíní, ọrùn aláṣà àtijọ́ sì lè dé 23 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta ni bí iwájú ọrùn ṣe tẹ̀ kọrọdọ tó, èyí tí wọ́n ń pè ní radius. Bí nọ́ńbà yìí bá kéré, pátákó náà rí roboto. Bó bá pọ̀, pátákó náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Fender àtijọ́ jẹ́ ínṣì 7.25, ọ̀pọ̀ Fender òde òní jẹ́ 9.5, Gibson sì sábà máa ń jẹ́ 12.

Pátákó roboto máa ń rọ ọwọ́ lọ́rùn láti tẹ kọ́ọ̀dù. Pátákó pẹrẹsẹ ló máa ń dára jù fún ẹni tó máa ń fa okùn sí ẹ̀gbẹ́ kí ohùn lè gòkè, nítorí pé lórí pátákó roboto, okùn tí wọ́n fà lè lọ fi ara kan fret iwájú, kí ohùn sì kú.

Ẹ̀kẹrin ni gígùn okùn láti nut dé ibi tí okùn fara lé lórí ara gìtá. Ti ọ̀pọ̀ Fender jẹ́ ínṣì 25.5, ìyẹn mìlímítà 648. Ti Gibson jẹ́ nǹkan bíi ínṣì 24.75, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 628. Àwọn kan wà tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, bíi Mustang ti Fender, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọdún 1964, tó sì ní èyí tó jẹ́ ínṣì 24.

Bí gígùn yìí bá kúrú, àwọn fret á súnmọ́ ara wọn, okùn á sì rọ̀ díẹ̀ lábẹ́ ìka.

Ṣé ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni ọwọ́ kékeré nílò?

Kì í ṣe dandan. Èyí sì wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì mú nípa gìtá.

Bí ọrùn bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ọwọ́ kò ní rí nǹkan dì mú. Àtàǹpàkò á súnmọ́ àwọn ìka yòókù jù, èèyàn á sì máa fún ọrùn gìtá pọ̀ bí ẹni ń fún ọsàn. Àárín àtàǹpàkò àti àtẹ́lẹwọ́ ni ìrora náà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí.

Àwọn kan wà tí ọwọ́ wọn kéré, síbẹ̀ tó jẹ́ pé ọrùn tó kún díẹ̀ ló máa ń jẹ́ kí ọwọ́ wọn fara balẹ̀.

Fún ọwọ́ kékeré, fífẹ̀ ọrùn àti gígùn okùn lè ṣe pàtàkì ju kíki ọrùn lọ, nítorí pé àwọn méjèèjì ló ń sọ bí ìka ṣe máa nà tó.

Ó yẹ kí àwọn òbí mọ èyí kí wọ́n tó sọ fún ọmọ wọn obìnrin pé ọwọ́ rẹ̀ kò lè ta gìtá. Ní orílẹ̀èdè Niger, Fatou Seidi Ghali tó dá ẹgbẹ́ Les Filles de Illighadad sílẹ̀ fi gìtá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kọ́ iṣẹ́, ó sì wà lára àwọn obìnrin Tuareg tó kọ́kọ́ di onígìtá tí ayé mọ̀.

Ìka ò dọ́gba. Ọwọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan ló yẹ kó bá ọrùn gìtá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ohun tí ẹlòmíì sọ nípa ọwọ́ náà.

Irú orin tí ẹ ń ta ńkọ́?

Kí gìtá oníná tó gbòde, gìtá onígi lásán ni àwọn èèyàn ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà fi dá àṣà tiwọn sílẹ̀. Àwọn atukọ̀ Kru láti etíkun Liberia wà lára àwọn tó tan ìlànà fífi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ta okùn káàkiri etíkun. Ní ọdún 1928, ẹgbẹ́ Kumasi Trio láti Gold Coast, tó di Gánà lónìí, gba orin Yaa Amponsah sílẹ̀ ní London.

Lásìkò yẹn, gìtá tí ọwọ́ bá tẹ̀ ni èèyàn ń lò. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wá gbajúmọ̀ lẹ́yìn wọn ló dá gìtá kọ́ fúnra wọn. Olóògbé Barthélemy Attisso, ọmọ orílẹ̀èdè Togo tó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní Dakar, wà lára wọn. Ó dá gìtá kọ́, ó di onígìtá àgbà nínú Orchestra Baobab, kó tó padà sí Lomé lọ ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò.

Lóde òní tí ẹ lè ṣa gìtá, irú orin tí ẹ ń ta ló yẹ kó tọ́ yín sọ́nà.

Nínú highlife àti jùjú, gìtá méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń wọ inú ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan á máa tún gbólóhùn orin kúkúrú kan ta léraléra. Òde àríyá sì lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Ìrora tí ẹ kò mọ̀ lára ní ìṣẹ́jú márùn-ún ní ṣọ́ọ̀bù lè di ohun tó máa dá yín dúró kí ilẹ̀ tó mọ́.

Bákan náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn gbólóhùn orin yìí ni wọ́n ń ta ní fret karùn-ún sí ìkejìlá, kì í ṣe lókè nìkan. Nítorí náà, ibẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ yẹ kíki ọrùn wò.

Fún ẹni tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó jẹ́ pé kọ́ọ̀dù ló ń tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ìsìn, ọrùn C tí pátákó rẹ̀ rí roboto díẹ̀ sábà máa ń tu ọwọ́ lára. Ẹni tó ń ta rọ́ọ̀kì tàbí orin aṣálẹ̀ ti àwọn Tuareg, tí ìka rẹ̀ ń fò láti fret kan sí òmíràn, lè fẹ́ èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ sí i.

Mdou Moctar, ọlọ́wọ́ òsì láti Niger, fúnra rẹ̀ ló ṣe gìtá àkọ́kọ́ tó lò, wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ló sì fi ṣe okùn rẹ̀. Ó fi hàn pé ẹ̀bùn lè borí ohun èlò tí kò dára. Àmọ́ Stratocaster ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ báyìí, kì í ṣe wáyà bíréèkì.

Olóògbé Sir Victor Uwaifo ti Benin City gbajúmọ̀ fún gìtá ọlọ́rùn méjì. Ní ti ọ̀pọ̀ onígìtá, ọrùn kan ṣoṣo tó bá bá ọwọ́ mu ti tó.

Ọyẹ́, ooru àti òógùn

Igi ni ọrùn gìtá. Igi máa ń súnkì nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, ó sì máa ń wú nígbà tí ọ̀rinrin bá pọ̀.

Lásìkò ọyẹ́ ní Kano, Maiduguri, Niamey tàbí Ouagadougou, pátákó ọrùn lè súnkì kí àwọn fret tó jẹ́ irin, tí kì í súnkì, máa yọ orí jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọwọ́ tó bá ń lọ sókè sódò á máa gba ìgé. Èyí kì í ṣe àléébù ìrísí ọrùn. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ lè fi fáìlì gé orí àwọn fret náà kó jọ̀lọ̀.

Ní etíkun, bíi Port Harcourt, Cotonou àti Abidjan, ọ̀rinrin àti òógùn ni ìṣòro. Bí wọ́n bá fi fáníìṣì dídán kun ẹ̀yìn ọrùn, ọwọ́ tó ń làágùn lè máa lẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tí kò dán máa ń jẹ́ kí ọwọ́ yọ̀ lọ láìsí ìdíwọ́. Àwọn tó ń tún gìtá ṣe lè fi ohun tó jọ̀lọ̀ ha dídán náà kúrò díẹ̀, láì yí ìrísí ọrùn padà.

Ní ti igi pátákó ìka, maple, rosewood àti ebony ló wọ́pọ̀. Cameroon, aládùúgbò Nàìjíríà, wà lára ibi tí ebony tí wọ́n fi ń ṣe gìtá káàkiri àgbáyé ti ń wá. Láti ọdún 2011 ni iléeṣẹ́ Taylor ti Amẹ́ríkà àti Madinter ti Spain ti jọ ní iléeṣẹ́ tó ń la igi yìí ní Yaoundé.

Irú igi lè yí ohùn àti ẹwà gìtá padà díẹ̀, ṣùgbọ́n ní ti ìrọ̀rùn ọwọ́, bí wọ́n ṣe gbẹ́ ọrùn náà ló ṣe pàtàkì jù.

Bí ẹ ṣe lè dán ọrùn gìtá wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tó ń tajà fi kánjúkánjú lé yín jáde. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó láti ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí:

1. Ẹ jókòó ta á, kí ẹ sì tún fi bẹ́líìtì gbé e kọ́ èjìká, kí ẹ dìde dúró. Bí ẹ bá yọ ọwọ́ kúrò lára ọrùn tí orí gìtá sì ń já sílẹ̀, ọwọ́ yín ni yóò máa gbé e ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń ta á.

2. Ẹ tẹ kọ́ọ̀dù F ní fret kìíní, níbi tí ìka ìfábẹ̀lá nìkan ti máa tẹ okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹ mú un dání fún ìgbà díẹ̀. Bí àtàǹpàkò bá tètè bẹ̀rẹ̀ sí í ro yín, ẹ gbé gìtá míì yẹ̀ wò.

3. Ẹ wo ọrùn ọwọ́ yín. Bí ó bá ká kọrọdọ kí ìka tó lè dé orí okùn, ọrùn gìtá náà lè fẹ̀ jù tàbí kó ki jù, tàbí kó jẹ́ pé ẹ gbé gìtá kọ́ sísàlẹ̀ jù. Ẹ fa bẹ́líìtì sókè ná, kí ẹ tún un wò.

4. Ẹ fi ọwọ́ yọ̀ láti fret kìíní dé ìkejìlá, kí ẹ sì padà. Ṣé ọwọ́ ń lẹ̀? Ṣé orí fret kankan ń gé yín?

5. Ẹ fa okùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù sí ẹ̀gbẹ́ ní fret kejìlá sókè, kí ẹ gbọ́ bóyá ohùn rẹ̀ ń kú.

6. Ẹ ta orin tí ẹ mọ̀ dáadáa, kì í ṣe èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Lórí orin tí ẹ ti mọ̀ ni ẹ ti máa mọ̀ bóyá gìtá ni ìṣòro.

Bí ẹ bá ní gìtá kan tó rọ̀ yín lọ́rùn nílé tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ wọn ọrùn rẹ̀ kí ẹ tó lọ sọ́jà. Nọ́ńbà tirẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n.

Ẹ̀wẹ̀, bí ẹ kò bá tíì mọ gìtá ta rárá, ẹ mú ẹni tó mọ̀ ọ́n dání, àmọ́ ẹ má ṣe jẹ́ kó fi ọwọ́ tirẹ̀ yàn fún yín. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ di ọrùn gìtá náà mú.

Kí ẹ tó sọ pé gìtá náà kò dára

Kì í ṣe gbogbo gìtá tó ń dun ọwọ́ ni ọrùn rẹ̀ burú. Nígbà míì, wọn kò tún un ṣe dáadáa ni.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí okùn ṣe ga tó sí fret kejìlá. Lára ọ̀pọ̀ gìtá oníná, nǹkan bíi mìlímítà 1.5 sí 2 máa ń dára. Bí ó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ọ̀dọ́mọkùnrin tó lágbára pàápàá á máa ráhùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo okùn fúnra rẹ̀. Okùn tí wọ́n ń pè ní 9, tó ki tó ínṣì 0.009, rọ̀ ju 10 lọ. Owó okùn tuntun kò tó owó gìtá tuntun.

Ọ̀pọ̀ gìtá oníná tún ní ọ̀pá irin kan nínú ọrùn wọn, tí wọ́n ń pè ní truss rod. Òun ló ń kojú agbára tí okùn fi ń fa ọrùn. Láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ tẹ okùn kan mọ́ fret kìíní àti fret tó kẹ́yìn, kí ẹ wo àárín, ní nǹkan bíi fret keje tàbí ìkẹjọ. Ó yẹ kí àlàfo kékeré wà níbẹ̀, tó lè gba bébà líle kan.

Bí àlàfo náà bá pọ̀ jù, ọrùn ti tẹ̀ síwájú. Bí kò bá sí àlàfo rárá, ó lè ti tẹ̀ sẹ́yìn. Oníṣẹ́ lè yí truss rod díẹ̀díẹ̀, kì í ju ìdá mẹ́rin ìyípo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fi agbára yí i lè ba gìtá jẹ́ pátápátá.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe so ọrùn mọ́ ara. Síkúrúù ni wọ́n fi so ti ọ̀pọ̀ Fender, nítorí náà èèyàn lè yọ ọrùn kan kó sì fi òmíràn tó wọ inú àyè rẹ̀ rọ́pò. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ ti Gibson, kò sì rọrùn láti pààrọ̀. Fún ẹni tí ọrùn tó máa bá a mu kò tíì dá lójú, onísíkúrúù ló ní ewu tó kéré jù.

Ìgbà wo ni ìrora di ọ̀rọ̀ dókítà?

Orí ìka tó ń ta ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ gìtá kì í ṣe ohun tuntun. Bí awọ ibẹ̀ bá ti le, ó máa ń lọ.

Àmọ́ bí ọwọ́ bá ń kú tipiri, tí ìka ń jó yín bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀, tí ìrora ń jí yín lóru, tàbí tí agbára ọwọ́ ń dín kù, ẹ dáwọ́ gìtá dúró kí ẹ sì lọ rí dókítà.

Iṣan kan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí àtàǹpàkò àti àwọn ìka tó tẹ̀ lé e gba inú ihò tóóró kan kọjá ní ọrùn ọwọ́. Bí èèyàn bá ń ká ọrùn ọwọ́ fún ìgbà pípẹ́, ìnira máa ń pọ̀ sí i lórí iṣan náà. Ìsinmi kúkúrú láàárín ìfidánrawò àti ọrùn ọwọ́ tó nà gbọọrọ máa ń dín in kù.

Gìtá tó gbówó lórí kò ní kí ọwọ́ má dun ẹni tí ọrùn rẹ̀ kò bá mu. Bẹ́ẹ̀ náà ni gìtá tòkunbọ̀ olówó pọ́ọ́kú, tí ọrùn rẹ̀ tọ́ tó sì bá ọwọ́ mu, lè sin olórin fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ di ọrùn mú ná, kí ẹ tó béèrè iye.